Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe Lórí Ẹní Ìrun Àna Mi

Bí mo bá tiẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún baba Rábíátù, àfẹ́sọ́nà mi, ní Noman's Land ní Kano, tí n ò fẹ́ dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ara mi ṣe rí. Mò ń tún rédíò ṣe ní Ibo Road nígbà yẹn. Àìsàn kan ti mú mi lọ́pá ẹ̀yìn lọ́dún tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n dókítà ní iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ilé ìtọ̀ ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ìtọ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Àkísà àti náílọ́ọ̀nù ni mo fi ń dì í. Mi ò lọ mọ́ṣáláṣí mọ́, torí mo gbà pé ẹni tó ń jò kò yẹ níwájú Ọlọ́run. Mo sì rò pé Rábíátù ò mọ̀. Ẹ ò rí i pé mo gọ̀!

Lọ́jọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ tọrọ rẹ̀, mi ò fi omi kan ẹnu láti àárọ̀. Bí a ṣe jókòó ni ìyá Rábíátù gbé kúnù tútù wá. Òùngbẹ ti fẹ́ pa mí, ta ló sì máa kọ oúnjẹ àna? Mo mu ife kan, wọ́n bu òmíràn, mo tún mu ún. Ìyá ní ọmọ tó mọyì oore ni mí.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dọ̀bálẹ̀. Ọkọ ìyàwó kì í dìde títí àna yóò fi ní kó dìde, àdúrà sì máa ń dùn lẹ́nu baba Rábíátù. Mo nà gbalaja sórí rọ́ọ̀gì tí wọ́n rà bọ̀ láti Mẹ́kà, èyí tí wọ́n fi ń kírun. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ṣe fún ọmọ tí a máa bí, wọ́n kọjá sórí ọmọ ọmọ. Ikùn mi lẹ̀ mọ́lẹ̀, kúnù ń wá ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi rí i.

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ife dànù, kí wọ́n lè rò pé kúnù ló dà. Díẹ̀ ló kù nínú ife o, ohun tó wà lábẹ́ mi sì ti ń ṣàn lọ síbi ẹsẹ̀ baba. Wọ́n ní kí n dìde. Mo ní rárá, mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá, mo di ẹsẹ̀ àga mú. Nígbà tí wọ́n fà mí dìde tán, àkísà já bọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé ìyàwó ti lọ nìyẹn, omijé sì bọ́ lójú mi.

Rábíátù jáde láti yàrá. Kano ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi ń dá òbí rẹ̀ lóhùn, àmọ́ Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ara ẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ìwà ẹ̀ ò ṣàìsàn. Òun ni mo fẹ́."

Baba wo rọ́ọ̀gì, wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í rí mi ní Jímọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ò dúró," wọ́n ní, "kó ṣàlùwàlá bí àkókò ìrun bá ti wọlé, kó kírun tiẹ̀. Ọlọ́run ò lé e kúrò lórí ẹní ìrun. Ṣé èmi ni mo wá máa lé e kúrò ní pálọ̀?"

Baba ní kí wọ́n lọ fọ rọ́ọ̀gì, wọ́n sì fún mi ní sòkòtò tiwọn wọ̀. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí.

Rábíátù ṣì wà nílé mi, mo sì ṣì ń kí i pé o ṣé. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ràn wa ti mọ ohun tí à ń fi pa mọ́ fún un tipẹ́; wàhálà ara wa la kàn ń ṣe. Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ẹ̀rín á fẹ́ pa mí. Bí ẹ̀rín ọ̀hún bá wá pọ̀ jù, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Màá yáa dìde lọ pààrọ̀ sòkòtò.