Bàálù Tí Mo Fi Sítáàsì Lẹ̀

Ọjọ́ tí ajá jẹ ìyẹ́ bàálù mi ní pápá Peckham Rye, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, n kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ńṣe ni mo máa ń dá rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ló ra bàálù náà fún mi ní ọjà Deptford, nígbà tó wà láyé. Pákó wẹ́wẹ́ àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, nínú páálí, tí èèyàn yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ó mọ̀ pé láti kékeré ni bàálù ti ń wù mí, kó tó di pé iṣẹ́ oko gba ilé-ìwé lọ́wọ́ mi. Mo ti dàgbà kí n tó jókòó sí kíláàsì. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èyí ló mú.

Ó ní, "Ọkùnrin tó ń tà á ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣebí bí mo ṣe mú ẹ̀yin náà nìyẹn."

Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá bàálù kékeré tí yóò yára, tí yóò sì lè ju bọ́ǹbù. Lára àwọn tó figagbága ni Hart, Fox àti Antelope. Orúkọ ẹran igbó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àgbọ̀nrín, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ẹtu. Àgbọ̀nrín ni wọ́n mú. Ẹtu, ẹyọ kan péré ni wọ́n ṣe, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Àwòkọ Ẹtu ni tèmi.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, páálí náà pẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Alhaji Ràṣídì, tó ń gbé lókè mi, ló fà mí lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú bàálù bẹ́ẹ̀. Òun ló ni Fox. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ken ló ni Hart. Wọ́n ní bí mo bá ti to tèmi tán, ká gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí pápá, ká tún ìdíje àtijọ́ náà ṣe. N kò wá ipò kìíní. Mo kàn fẹ́ kí ohun tó rà fún mi fò, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀dà kan wà tí wọ́n fi ń mú bébà ìyẹ́ le. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde nínú fúláàtì. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti pọ̀ jù. Mo rí agolo sítáàsì ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó mi máa ń pò gbígbóná láàárọ̀ Sátidé, tó fi ń mú fìlà mi le. Mo ní ohun tó mú fìlà dúró, kí ni kò ní lè ṣe fún ìyẹ́? Mo po gbogbo ìyókù. Mo fi lẹ bébà mọ́ pákó, mo tún fi kun ún lókè, mo wá sá àwọn ìyẹ́ náà sórí okùn aṣọ ní bákónì.

Alhaji yọjú látòkè. "Bàbá Kẹ́mi! Ṣé laundry bàálù lẹ tún ń ṣe báyìí ni?"

"Mo ń sá a ni."

"Ẹ má gbàgbé láti lọ̀ ọ́ o!"

Ó gbẹ. Ó le bí igbá. Ó sì wúwo, ṣùgbọ́n mo gbójú fò ó.

Nígbà tí Sátidé dé, a wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá Yorùbá kan tó jókòó tì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú wá nǹkan kiri. "Daddy, ẹ má bínú o, ṣé fùfú lẹ gbé sínú báàgì yẹn ni?"

Alhaji ní, "Mummy, fùfú tó ń fò ni."

Ojú fèrèsé ni mo wò títí a fi dé pápá.

Hart kọ́kọ́ lọ, ó rọra ga bí ẹyẹ. Fox tẹ̀ lé e. Bó ṣe kan Ẹtu, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀. Ken ní ká dúró. Èmi tí n kì í kánjú, mo kánjú. Mo lọ́ rọ́bà tó ń mú àbẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ yí, mo jù ú sókè.

Ó fò. Ọlọ́run gbọ́, ó fò! Ó kọjá lórí Alhaji, ó dorí kọ igi. Ìgbà náà ni omi wọ sítáàsì. Ìyẹ́ kan rọ̀ wálẹ̀ bí etí ewúrẹ́, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára pákó, Ẹtu sì já lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kí n tó sáré débẹ̀, ajá ńlá kan ti ń lá a. Nígbà tó lá a, tó dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo fa apá kan, ajá fa apá kejì. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ wọ̀ọ̀.

Òyìnbóbìnrin tó ni ajá sáré dé. "Kí ló wà lára rẹ̀? Ṣé kò ní pa ajá mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ ni. Oúnjẹ ni."

Alhaji dì mọ́ igi, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. "Ajá òyìnbó ti jẹ ẹ̀bà! Ẹ bá a wá ọbẹ̀ o!"

Ken bá mi ṣa pákó tó kù. Ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní kí n má bọkàn jẹ́, pé láyé ọjọ́un náà, kò sẹ́ni tó yàn án.

Mo ní, "Ìyàwó mi yàn án."

Ó nu ẹrẹ̀ ara pákó náà, ó kó o fún mi. Sítáàsì tútù ń rùn lọ́wọ́ mi, òórùn ilé ìdáná wa láàárọ̀ Sátidé. Mo tún jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: fìlà ni sítáàsì wà fún. Mo ti ra ọ̀dà olóòórùn náà, mo ṣí fèrèsé, Ẹtu sì ti ní ìyẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba pápá kọjá, ajá yẹn ṣì máa ń sáré wá bá mi. Á gbóòórùn ọwọ́ mi, á wá máa wo ojú mi. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti tán nínú agolo, pé àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà. Ẹ̀rín á wá pa mí, n ó sì máa bá tèmi lọ.