Ládòkun Atún-ọkàn-ṣe

Ládòkun ará Ṣakí kì í dáhùn bí ẹ kò bá kọ́kọ́ pè é ní Dókítà. Ẹ pe Dókítà tán, ẹ tún gbọ́dọ̀ fi "Atún-ọkàn-ṣe" kún un kó tó yíjú. Oòrùn ìbáà yan ẹ̀pà lórí páànù, kóòtù funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ìyẹ̀fun kan ló ń tà, tọ́ríìnì ló pè é. Ó ní inú ẹran ni èròjà rẹ̀ ti wá.

"Àgbò tó bá jẹ ẹ́, bí mo bá yọ ọkàn rẹ̀ sínú àwo, á ṣì máa sọ kì!"

Ó ti ṣe é rí níwájú ilé rẹ̀, wéré, gbogbo àdúgbò sì rí i. Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn Mujeebat, ará àdúgbò náà, mọ́. Ọkàn Bàbá Ṣùkúrù, ọkọ rẹ̀, kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, hóró oògùn ọsibítù ló ń gbé e dìde. Ládòkun ní kí Mujeebat da hóró sí ṣáláńgá, kó fa àgùntàn kan ṣoṣo tó ní wá, kó wá gba agolo ìyẹ̀fun kan.

Lọ́jọ́ ọjà, Mujeebat fa àgùntàn dé. Àmọ́ ó ṣì so hóró mọ́ etí ìró. Ó ní òun á kọ́kọ́ fojú òun rí i ná.

Èrò Ogbooro dé, ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dé. Ládòkun dúńbú àgbò kan tó ti ń fún ní ìyẹ̀fun jẹ, ó yọ ọkàn rẹ̀ sínú àwo. Kì, kì, kì. Ariwo sọ.

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀!

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́!" Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti òyìnbó tó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ́ òun níṣẹ́, ó sọ ti kóòtù ọrùn rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tẹ́rùn, ó nawọ́ sí alápatà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Jẹ́ẹ́dé, gbé ọkàn ewúrẹ́ rẹ wá, èyí tí kò tọ́ ìyẹ̀fun mi wò rí. Ẹ ó rí i bí á ṣe sùn bí ẹ̀kọ tútù!"

Ìṣẹ́jú yẹn ni Jẹ́ẹ́dé ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbò, ó ń rú èéfín.

Ti ewúrẹ́: kì, kì, kì. Ti àgbò ti sùn bí ẹ̀kọ tútù.

"Dókítà," ni Mujeebat wí, "èwo nínú wọn ló jẹ ìyẹ̀fun?"

"Ewúrẹ́ yẹn… ó ti ní láti lá a níbì kan!"

"Ewúrẹ́ tèmi?" ni Jẹ́ẹ́dé dáhùn. "Kò mọ ọ̀nà ilé yín o. Gbígbóná ló ń mú un sọ kì. Ẹ̀yin lẹ fi ìfọ́nnu ara yín mú tiyín tutù."

Ládòkun da odidi agolo lé ọkàn àgbò. Eṣinṣin nìkan ló dá a lóhùn. Òógùn rin kóòtù rẹ̀ gbingbin.

"Dókítà," ni ará Ogbooro kan ké, "ẹ tètè lá díẹ̀, àyà yín ń já!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mujeebat kò dúró rín in. Ó fọwọ́ kan etí ìró rẹ̀, hóró ṣì wà níbẹ̀. Ó fa okùn àgùntàn.

"Ó yá, ká máa lọ. Bàbá Ṣùkúrù ò tíì lo ti ọ̀sán."