Ìrù Àpèkẹ́ àti Aṣọ Ìbídùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ kàn máa ń pa á ni. Bí tọkọtaya bá ń jà, ẹ ó ní adìẹ bà lókùn. Ẹ kò béèrè rí pé adìẹ ta ni, okùn ta ni, kí sì ni adìẹ ń wá lórí okùn nígbà tí ilẹ̀ kò lé e. Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó tètè sùn báyìí, kó má lọ sùn níbi tí ìtàn ti dùn.

Adìẹ náà lórúkọ. Àpèkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ ló ni ín, arúgbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó máa ń ki adìẹ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó kí èèyàn. Ògiri kúkurú kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti àgbàlá Màmá Àwẹ̀lé aládìrẹ. Okùn tí Màmá sì ń sá aṣọ sí ni okùn inú òwe. Láti ara igi ọsàn ló ti nà dé ara igi ìbẹ́pẹ.

Ìbídùn ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun níbẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ̀ ọ́, funfun ni yóò jáde. Ibi tí ẹ̀kọ kò bá dé, aró á mú un dúdú. Kò sí ohun tí Ìbídùn kò lè yà. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó lè fi sílẹ̀ láìyà.

Aṣọ tó kọ́kọ́ dá ṣe, ẹja ló yà sí i. Ẹja náà pọ̀ débi pé omi kò ráyè dúró. Nígbà tó ṣe èkejì, ó fàlà gígùn, ó fàlà ìbú, aṣọ pín sí yàrá-yàrá bí Màmá ti kọ́ ọ. Àmọ́ ejò tó yà sí yàrá kan gùn wọ yàrá kejì, ó lọ lọ́ mọ́ òòyà tó wà níbẹ̀. Màmá gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó mí kanlẹ̀.

"Ìbídùn, gbogbo yàrá yìí ló ti ní ayálégbé. Bí ojú mi bá yà kí aṣọ rẹ, níbo lo fẹ́ kó jókòó sí?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Ìbídùn wí. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e tún kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má tíì fi í ṣẹ̀sín o, nǹkan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ojú Màmá Àwẹ̀lé ti ń ṣú. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àfi kó fọhùn kí Màmá tó mọ ẹni tó jẹ́. Ìbídùn kò sì mọ ìyá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ tábìlì iṣẹ́ Màmá ló ti rákòrò. Ohun kan ṣoṣo lọmọ náà ń tọrọ: kí ojú ìyá yìí tó ṣú pátápátá, kí ó wo aṣọ kan tí òun ṣe, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo rí i."

Lọ́jọ́ kan, Màmá fún un ní aṣọ funfun tuntun. Ó ní, "Ṣe é bó o bá ṣe fẹ́. Àmọ́ yàrá ńlá tó wà láàárín yẹn, fi í sílẹ̀. Má yà nǹkan kan sí i."

Ìbídùn pinnu pé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ta yọ. Ìyẹ́ tó bá ti rọ̀ kò lè fa ìlà tín-ín-rín, ìyẹ́ tuntun ló sì wù ú. Ta ló ní ìyẹ́ tó dára jù ládùúgbò? Àpèkẹ́ ni. Ó tu ẹyọ kan nídìí rẹ̀ láti fi ya ẹyẹ, ó tún tu òmíràn láti fi ya àkàbà. Nígbà tó fi ya alákàn tán, ìdí Àpèkẹ́ ti dán bí ìdí ìkòkò tuntun, ó ku ẹyọ ìyẹ́ kan péré. Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ yọjú lórí ògiri, ó ń béèrè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ pé, "Ta ló tu ìdí Àpèkẹ́?" Ìbídùn dorí kodò sídìí iṣẹ́, ó ń ya ọnà rẹ̀ lọ.

Gbogbo yàrá kún, ó ku ti àárín. Ìbídùn wò ó, ó tún un wò. Àyè náà ń yún un lọ́wọ́. Ó ní òun á fi ẹja kékeré kan sí i. Ẹja kò gbọ́dọ̀ dá wà, ó fi alákàn kún un. Ká tó ṣẹ́jú, ṣíbí ti dé, òòyà ti dé, òṣùpá ti dé, àárín aṣọ sì di ọjà.

Ó sá aṣọ náà sórí okùn. Àṣà àdúgbò yẹn ni pé bí aládìrẹ bá fẹ́ sá aṣọ ẹlẹ́kọ, yóò kéde fún ará ilé kí wọ́n fi agbọ̀n dé adìẹ wọn mọ́lẹ̀, torí oúnjẹ ni ẹ̀kọ lójú adìẹ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni Ìbídùn fẹ́ fi kéde fún Bàbá Lájùmọ̀kẹ́, pẹ̀lú ìrù adìẹ rẹ̀ lọ́wọ́? Ó bá panu mọ́.

Àpèkẹ́ gbóòórùn ẹ̀kọ. Ó fò, ó bà lókùn. Ẹ sì rántí pé ìrù ni adìẹ fi ń gbé ara rẹ̀ dúró. Adìẹ fì síwájú, okùn fì sẹ́yìn. Okùn fì síwájú, adìẹ fì sẹ́yìn. Aṣọ ń jó láàárín wọn.

Ìbídùn sáré jáde, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Má lé e o!" Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ ti dé orí ògiri. "Bó bá já bọ́, á kán lẹ́sẹ̀!"

"Bàbá, tí n kò bá lé e, aṣọ mi ló ń lọ yẹn!"

"Di okùn mú!"

Ó di okùn mú. Okùn le gbagidi, ẹ̀rù ba Àpèkẹ́, ó na ìyẹ́ apá méjèèjì.

"Tú u sílẹ̀!"

Ó tú u sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Àpèkẹ́ dorí kodò. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí adìẹ gbọ́ oríkì, ó na ọrùn láti wo ẹni tó ń ki òun, gbogbo ara bá ọrùn lọ. Bàbá ju àgbàdo sílẹ̀ kó lè sọ̀ kalẹ̀, adìẹ tẹ̀ síwájú láti ka àgbàdo. Ni Bàbá bá ní òun fúnra òun ni yóò mú un. Ó ti ara ògiri bọ́ sórí igi ìbẹ́pẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé wọ́n ń gun ìbẹ́pẹ ni?

Igi tẹ̀, okùn dẹ̀, gbogbo wọn wálẹ̀ gbì. Bàbá wà nínú koríko. Aṣọ tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, Àpèkẹ́ sì wà láàárín rẹ̀ gan-an. Ó yí gbirigbiri nínú ẹ̀kọ tútù, ó fi ikùn nu òòyà, ó fẹsẹ̀ ha òṣùpá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó jẹ alákàn.

Màmá Àwẹ̀lé fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde. "Kí ló ṣubú?"

"Èmi ni," ni Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ wí.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Màmá, ẹ ní kí n fi àárín sílẹ̀, n kò lè fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ohun tí n kò bá yà báyìí, ẹ lè má rí i mọ́."

Màmá fọwọ́ wá orí ọmọ náà títí tó fi rí i. "Ṣé torí ojú mi lo ṣe ń kó gbogbo ayé sínú aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọmọ mi àtàtà. Ojú tó ti rẹ̀ kì í wá ọjà, àga ló ń wá. Nu àárín yẹn mọ́. Nǹkan kan ni kó o yà sí i, ẹyọ kan péré."

"Ìyẹ́ ti tán, Màmá."

Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ ti inú koríko dìde, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí, ó na ìyẹ́ kan sí Ìbídùn. "Èyí tó kù nídìí rẹ̀ nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ló já a sílẹ̀. Gbà á, kó o sinmi."

Ìbídùn nu àárín aṣọ mọ́. Ó fa ìlà kan tó tẹ̀ láàárín bí okùn, ó ya adìẹ kan lé e lórí, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú kó má bàa fi nǹkan kún un. Wọ́n rì í bọ aró, wọ́n sá a, wọ́n tún rì í. Nígbà tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ó ta aṣọ náà sórí okùn, ó lọ fa Màmá lọ́wọ́ wá. Wọn kò tíì dé ìdí ọsàn tí arúgbó náà fi dúró.

"Mo rí i," ni Màmá wí.

Ìbídùn túbọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo rí i, ọmọ mi. Okùn nìyẹn. Adìẹ nìyẹn." Ó tún wò ó dáadáa. "Ìrù rẹ̀ dà?"

"Ẹ bi ọmọ yín," ni Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ wí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó o! Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

"Ara ò sì rọ bàbá tó gun ìbẹ́pẹ," ni Bàbá fi kún un, àmọ́ àwọn àgbà gé ìyẹn kúrò nígbà tó yá. Wọ́n ní ó ti gùn jù.

Aṣọ yẹn ni Màmá ń ró títí tí ojú rẹ̀ fi ṣú tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè irú aṣọ tó wà nídìí rẹ̀, á ní aró tó tẹ́jú ni, okùn kan, adìẹ kan, àti pé wọn kò ròyìn rẹ̀ fún òun o, ojú òun lòun fi rí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún máa pa òwe yìí, ẹ rọra pa á. Okùn Màmá Àwẹ̀lé ni, adìẹ Bàbá Lájùmọ̀kẹ́ ni, ìrù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ìbídùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Báwo ni ara ṣe máa rọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n ti tu ú nídìí tán?