Ọjọ́ tí Pocklington Sọdá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́bàá odò Thames, tó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ilé ẹlòmíràn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Aubrey Pocklington ni. Yóò ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó lanu.

Pocklington, ọmọ a-rí-àga-sáré! A-gbọ́-orúkọ-ara-ẹni-yọ̀! Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ṣojú ìlú Haddlesby nílé aṣòfin, bẹ́ẹ̀ Haddlesby kì í rí ojú rẹ̀ àfi bí ìdìbò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́.

Ìbànújẹ́ kan ṣoṣo ló ní láyé: ẹgbẹ́ alátakò ló wà. Ní Westminster, ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọba lè di mínísítà, kó ní mọ́tò, kó ní awakọ̀. Ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì, ariwo nìkan ni tirẹ̀. Pocklington ti pariwo fọ́dún mẹ́rìnlá, ohùn rẹ̀ ti há.

Láràárọ̀, bó bá ń fá irùngbọ̀n, a máa dá àwọn oníròyìn tó wà nínú dígí lóhùn.

"Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Gẹ́gẹ́ bíi mínísítà—"

"Mínísítà kí ni?" Hester ìyàwó rẹ̀ a ké láti ilé ìdáná.

"Èyíkéyìí!"

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba ní òun máa ti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké pa, ti Haddlesby sì wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí wọn ni ìdajì ìlú ti bọ́ sáyé. Ẹgbẹ́ alátakò yarí. Wọ́n ní ní Ọjọ́rú, àwọn máa dìbò pé àwọn ò fọkàn tán ìjọba mọ́. Bí ìbò yẹn bá wọlé, ìjọba dé òpin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì tínrín bí òwú: alátakò jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún, ti ìjọba jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún. Ẹnì kan péré ló wà láàárín.

Pocklington sáré lọ sí Haddlesby. Ó di ọwọ́ Ivy Tranter mú níwájú gbogbo ìlú. Nọ́ọ̀sì ni Ivy, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò nílé ìwòsàn náà.

"Bí mi ò bá dìbò lé ìjọba yìí lọ," ni Pocklington ké, "ẹ má pè mí ní Pocklington mọ́!"

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ivy bu kéèkì fún un. Ó jẹ ẹ́, ó tún gba ti ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì, Desmond Crake pè é fún tíì. Crake yìí ni wọ́n ń pè ní Pàṣán ìjọba, nítorí òun ló ń da àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹran lọ síbi tí wọ́n ti máa dìbò. Kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Aubrey, kí lo fẹ́?"

"Orílẹ̀-èdè yìí ni mo fẹ́ sìn."

"Mo gbọ́. Ipò wo lo fẹ́ fi sìn ín?"

"Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè."

"Ìyẹn ti lẹ́ni."

"Ètò ìṣúná ńkọ́?"

Crake fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Ẹja ló kù."

"Ẹja kẹ̀?"

"Mínísítà ọ̀ràn ẹja."

Pocklington gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Egungun ẹja ti há a lọ́fun rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, láti ìgbà náà ni òun àti ẹja ò ti kíra mọ́.

"Ṣé mọ́tò ń bẹ nídìí ẹja?"

"Mọ́tò ń bẹ."

"Awakọ̀ ńkọ́?"

"Awakọ̀ ń bẹ. Ó tiẹ̀ máa ń dé fìlà."

"Há, Desmond! Ẹja ni mo fẹ́ràn jù láti kékeré."

Bí wọ́n ṣe dì í nìyẹn. Bó bá di Ọjọ́rú, tí Olóòtú Ìjọba bá ti dáhùn ìbéèrè tán, Pocklington máa dìde, ó máa sọdá sọ́dọ̀ ìjọba lójú gbogbo ayé. Wọ́n á fi ẹnì kan borí. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, mọ́tò á ti dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó délé, Hester wo ojú rẹ̀ tó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹja ni tàbí àkàn?"

"Ẹja ni, Hester! Ẹja gan-an ni!"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Hester gbé ọ̀bẹ tó fi ń bó ànàmọ́ sílẹ̀.

"Ivy Tranter ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Bí mo bá ti di mínísítà, màá lè ràn wọ́n lọ́wọ́ dáadáa."

"Ẹja lo máa fi ràn wọ́n lọ́wọ́? Aubrey, kéèkì obìnrin yẹn ò tíì dà nínú ẹ o."

Ọjọ́rú pé. Ilé aṣòfin kún dẹ́nu. Àwọn bẹ́ǹṣì aláwọ̀ ewé náà ò gba gbogbo aṣòfin rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn wọ́n, àwọn mìíràn sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Pocklington wọ kóòtù tuntun. Ó dìde, ó fọwọ́ sáyà.

"Ọlọ́lá Abẹnugan, ẹ̀rí ọkàn mi ló ń pè mí!"

"Mọ́tò ló ń pè ọ́!" ni ẹnì kan ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ́.

Ó yan sọ̀ kalẹ̀ bí ọba tó ń lọ gbadé. Ó kọjá láàárín gbọ̀ngàn, gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ. Àwọn tó fi sílẹ̀ ń hó yèè lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wá bá ò sì hó rárá. Ó tẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì ìjọba.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sún. Ọkùnrin kan tó sanra wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o wá síbi àdúrà àárọ̀? Ibẹ̀ la ti ń fi káàdì gba àyè."

"Rárá."

"Ẹni tí kò bá gbàdúrà, ìdúró ló máa dúró."

Abẹnugan na ọrùn. "Ọlọ́lá fún Haddlesby, ẹ jókòó!"

"Ọlọ́lá Abẹnugan, mò ń gbìyànjú ẹ̀."

"Ẹ jókòó, tàbí kí ẹ jáde!"

Bó bá jáde, ìbò rẹ̀ bá a jáde nìyẹn. Òógùn bo Pocklington. Ó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ó bojú wo iwájú, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Àdán ò tún ṣeku mọ́, kò sì tíì ṣẹyẹ. Crake ń ṣẹ́jú sí àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n sún, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Níbẹ̀ ni ìyá àgbà kan ti fọwọ́ kan apá rẹ̀. Enid Garrowby ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń ṣojú ìlú àwọn apẹja kan létí òkun àríwá. Òkun ló gbé bàbá rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìjọba tirẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹni tó mọ òkun ṣe mínísítà ẹja.

"Ọmọ, wọ́n ní wọ́n fi ẹ́ ṣe mínísítà kí ni?"

"Ẹja, màmá. Bó bá di ọ̀la."

"O ṣeun. Kí ni ìyàtọ̀ ẹja cod sí ẹja haddock?"

Pocklington rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tó fi ń dá dígí lóhùn. "Màmá, èmi kì í ṣojúsàájú. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn ìlú tèmi náà pa, mo gbé e mì. Èyí ò ṣeé gbé mì." Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dìde.

Inú Pocklington dùn dé ìsàlẹ̀ bàtà. Ẹ wo ọ̀wọ̀! Àgbàlagbà dìde fún un! "Ẹ ṣeun, màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́," ló wí, ló bá já ìdí lé àyè náà gbì.

"Jókòó dáadáa," ni Enid wí. "Tìrẹ náà lèmi ń lọ jókòó sí."

Kò, kò, kò, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀ bó ti ń sọdá. Nígbà tó dé òdìkejì, odidi bẹ́ǹṣì kan sún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jókòó sí àyè tí Pocklington fi sílẹ̀. Ojú Crake funfun bí ikùn ẹja. Nígbà náà ni Pocklington tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, kò sì nílò ìka púpọ̀.

Wọ́n dìbò. Wọ́n kà á: àwọn tí kò fọkàn tán ìjọba, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún. Àwọn tó fọkàn tán an, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún. Olóòtú Ìjọba dìde, ó ní òun ń lọ bá Ọba ní àárọ̀ ọ̀la, kí ìlú múra ìdìbò.

Pocklington fa Crake láṣọ. "Desmond, mọ́tò mi ńkọ́?"

"Mọ́tò wo? Èmi alára, ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀ lọlé lónìí."

Ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹgbẹ́ tuntun ní àwọn ti ní ẹni tó máa du Haddlesby, ẹ ṣeun. Ló bá dá du ìbò láìní ẹgbẹ́, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Ivy Tranter ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ káàsán o, Ọ̀gbẹ́ni... Ẹ dákun, kí la ń pè yín báyìí?"

Pocklington kọjá sí ojúlé kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n to gbogbo àwọn olùdíje sórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá Haddlesby, wọ́n ka èsì. Dókítà obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ Pocklington àtijọ́ ló wọlé, ìbò rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ọkùnrin kan tó múra bíi pẹ́pẹ́yẹ, tó du ipò náà kí wọ́n ṣáà lè gbọ́n ìdọ̀tí inú adágún ìlú, ní ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Aubrey Pocklington ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Pẹ́pẹ́yẹ gbé apá lé e léjìká. "Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá."

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún!" Pocklington yíjú sí ìyàwó rẹ̀ nísàlẹ̀. "Hester, ó kéré tán, a ṣì ní—"

"Má kà mí mọ́ wọn o," ni Hester wí.

Ní ìlú wọn, ẹni tó fìdí rẹmi náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Dókítà sọ tirẹ̀, wọ́n gbé e sókè, ìlú tẹ̀ lé e jáde pẹ̀lú ariwo, Ivy ló ṣíwájú. Pẹ́pẹ́yẹ sọ tirẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà lọ wá tíì. Nígbà tó fi máa kan Pocklington, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn ni yóò ṣèdájọ́—"

"Ọ̀gbẹ́ni!" Ẹni tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ló ń pè é láti ìsàlẹ̀, ó gbé nẹ́ẹ̀tì badmíńtìn há apá. "Ẹ máà bínú o. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ní aago mẹ́wàá ti dé. Ṣé ẹ níṣẹ́ kankan lọ́wọ́?"

Pocklington wo gbọ̀ngàn náà. Àga òfìfo ló kù.

"Rárá."

"Ó dáa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ bá mi di etí kejì nẹ́ẹ̀tì yìí mú."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dì í mú.