Eyín Ajá Káfíńtà

Káfíńtà gbé ajá rẹ̀ wọ yàrá dókítà ẹranko, ó gbé e lé orí tábìlì, òun náà wá jókòó sétí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún káfíńtà wú bí ẹni tó ki búrẹ́dì bọnu. Ọkàn ajá ní tirẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń dùn ún?"

"Egungun ni. Egungun máa ń dùn mọ́ ọn gan-an."

"Mo ní, níbo ló ti ń ro ó?"

"Áà! Eyín ni. Irin géètì ló lọ bù jẹ."

Dókítà ya ẹnu ajá, ó tan iná sí i. "Eyín yìí ti kán. Mùdùnmúdùn inú rẹ̀ sì ti kú."

"Mùdùnmúdùn wà nínú eyín? Abájọ tó fi ń lá a ṣáá!"

"Kì í ṣe èyí tí ẹ ń fà mu nínú egungun o. Ẹran rírọ̀ àti iṣan ni. Òun ni eyín fi ń mọ ìrora."

"Ẹ sì ní ó ti kú?"

"Ó ti kú, ó ti ń jẹrà."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Òkú kì í mọ ìrora, dókítà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó dìde. Ajá ò mira.

"Ẹ jókòó, bàbá. Òkú tí wọn ò gbé jáde, ilé ló ń bà jẹ́. A máa lu eyín náà níhò, a máa fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú gbòǹgbò rẹ̀, a máa fọ̀ ọ́ mọ́, a ó wá dí i pa."

Káfíńtà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mú. "Ẹ máa lu kí ni? Bí mo ṣe ń lu pákó?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Pákó kì í ké, dókítà."

"Ajá náà ò ní ké. Á ti sùn fọnfọn."

"Tó bá wá jí láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Tí òógùn bò ó, tó rántí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta?"

Dókítà wo ajá, ó wo káfíńtà. "Bàbá, àwa la tẹ ajá yìí lọ́dàá láti kékeré. Ìgbà wo ló bímọ mẹ́ta?"

Ẹ̀rù ń ba káfíńtà, kò sì mọ bó ṣe máa fi í pamọ́ mọ́.

"Irú iṣẹ́ yìí náà ni dókítà eyín ní òun máa ṣe fún mi. Ìyàwó mi ní ìkérora mi ò jẹ́ kóun sùn, ó ti lé mi lọ sí pálọ̀."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Mo ti búra fún un. Kí ajá kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kò dùn, ọjọ́ náà ni màá lọ."

"Bàbá! Ajá kì í sọ̀rọ̀!"

Káfíńtà rọra fọwọ́ ra ajá lórí.

"A ò kánjú, dókítà."