Ìbọn Tí Kò Jẹ́ Kí Àna Dọ̀bálẹ̀

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ sí ààfin Baálẹ̀ Òkè-Ọsàn lánàá, irú ẹjọ́ tí ènìyàn ń gbọ́ tí kò ní mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun káwọ́ lérí. Òkè-Ọsàn ò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́dá, ààfin ọ̀hún kì í sì í ṣe ààfin tó ń dẹ́rù bani: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni, tábìlì kan, àga oníke díẹ̀, àti sólà tí gbogbo abúlé fi ń gba iná sí fóònù.

Zubaidah gbé agbọ̀n oúnjẹ adìẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, Àlàájì Ọládòṣù, ẹni tó pẹjọ́. Mahfuz ọkọ rẹ̀ dúró ní ọ̀kánkán wọn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo ìbàdí. Láti ọjọ́ Iléyá ni Àlàájì ti dá ọmọ rẹ̀ dúró, tó ní kò ní padà sílé ọkọ mọ́ àfi bí ọkọ bá kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Àárò ilé ọkọ ń sọ Zubaidah. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì mọ̀ pé ẹnu àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún wà.

"Àlàájì, ẹ rojọ́ yín," Baálẹ̀ ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí yín."

"Baálẹ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Mo fún Mahfuz yìí níyàwó. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbọ̀n rẹ̀ kó yanrìn. Mo ní ọmọ gidi nìyí. Iléyá dé, àwọn àbúrò mi wá láti Adégbàyí, ẹran wà lórí iná. Ọkọ ọmọ mi wọlé. Ó tẹ ọrùn síwájú díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó ní, 'Ẹ kú ọdún, bàbá.' Lórí ìdúró."

"Lórí ìdúró?" Ọ̀tún Baálẹ̀ béèrè. Ọdẹ ni Ọ̀tún nígbà èwe, etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn.

"Lórí ìdúró, Ọ̀tún. Àbúrò mi bi mí pé ṣé ẹgbẹ́ mi ni."

Baálẹ̀ kọjú sí Mahfuz. "Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o, sà. Ara mi le."

"Àbí ẹ̀sìn ni? Mo gbọ́ pé àwọn kan ní Ọlọ́run nìkan ni àwọn ń forí balẹ̀ fún."

"Ẹ̀sìn kọ́, sà. Ìbọn ni."

Ọkùnrin kan tó ti yọ fóònù rẹ̀ lára iná, tó fẹ́ máa lọ, tún fi í sí iná, ó sì jókòó.

"Ìbọn wo?"

"Ìbọn ìléwọ́, sà. Èyí tí ènìyàn lè gbé sábẹ́ aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹ mọ ọ̀nà oko wa. Ẹ mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fojú aráyé rí. Mo níyàwó. Mo ní kí n wá nǹkan tí mo lè fi gbà á sílẹ̀."

Zubaidah wo ilẹ̀. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ nípa ọ̀nà oko, òótọ́ ọ̀hún ló sì ń dùn ún.

"Ta ló wá ní kí o má dọ̀bálẹ̀?"

"Yíyàn rẹ̀ ló le, Baálẹ̀. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n. Àwọn ògbógi ní bí o bá mú èyí tó kéré, yóò pamọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kéré, àfi kí o máa fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Bí o bá mú èyí tó ń yin ọta mílímítà mẹ́sàn-án, yóò dá olè dúró, ọta rẹ̀ á sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó nípọn, yóò máa yọ gọnbu lábẹ́ aṣọ. Wọ́n ní kí ènìyàn gbé e sára, kó fi jókòó, kó fi wakọ̀, kó fi bẹ̀rẹ̀, kó tó yàn. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń kọ́ wa yẹn kì í dọ̀bálẹ̀, sà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi hàn wá bí ènìyàn ṣe ń gbé ìbọn lọ kí bàbá ìyàwó."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọ̀tún, ó fi ikọ́ bò ó.

"Bí mo bá fi èyí tó tóbi dọ̀bálẹ̀," Mahfuz ń bá a lọ, "ìdí rẹ̀ á gún mi níhà, ẹnu rẹ̀ á sì kọjú sí ibi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń retí ọmọ."

"Ọmọ-ọmọ mi nìyẹn," ni Àlàájì wí. "Kí ló dé tó o fi kọ ẹnu ìbọn sí ọmọ-ọmọ mi?"

"Ìdí tí mi ò fi dọ̀bálẹ̀ nìyẹn, bàbá. Ọmọ-ọmọ yín ni mò ń dáàbò bò."

"Mọ́sálásí ńkọ́? Mo rí ọ lọ́jọ́ Jímọ̀. O forí kanlẹ̀."

"Mo máa ń yọ ọ́ sínú bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, bàbá."

"Baálẹ̀, ẹ gbọ́ ọ? Ó yọ ọ́ fún Ọlọ́run. Kò lè yọ ọ́ fún mi."

"Bàbá, bí mo bá yọ ọ́ lójú yín, ẹ ó mọ̀ pé ó wà lára mi. Ohun ìpamọ́ ni."

Baálẹ̀ ní kí àwọn ẹlẹ́rìí jáde síwájú. Ṣítù télọ̀ ló kọ́kọ́ dìde, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni mo rán àpò rẹ̀ sínú aṣọ, sà. Apá ọ̀tún, níbi ìbàdí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ."

"Fún ẹnikẹ́ni rárá?"

"Àfi ìyàwó mi. Àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àti oníbàárà kan tó ń dúró de ṣòkòtò, mo ní láti sọ ohun tó jẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́."

Múyì ọlọ́kadà ò dúró kí wọ́n pe òun. "Irọ́ ni, Baálẹ̀. Iwájú ló wà, lórí ikùn. Èmi ni mo gbé e láti Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ń gún mi lẹ́yìn títí a fi délé. Mo rò pé ó fẹ́ fi gba ọ̀kadà mi ni. Mo ti ń ṣe àdúrà ìkẹyìn."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ nǹkan kan," Ọ̀tún dá sí i. "Ọrùn ẹsẹ̀ ló so ó mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ní kò gbọ́dọ̀ dé etí kejì. Èmi náà sọ fún ìyàwó mi pé kò gbọ́dọ̀ dé etí kẹta."

"Mo máa ń pààrọ̀ ibi tó wà, sà," ni Mahfuz wí. "Nítorí àṣírí."

Baálẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Mahfuz ń gbé ìbọn kiri lábẹ́ aṣọ, kó nawọ́."

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè, àfi ti Àlàájì. Ọkùnrin onífóònù na méjèèjì.

"Ó dáa. Èmi àti Àlàájì nìkan lẹ fi pamọ́ fún."

Ó dá gíláàsì padà sójú, ohùn rẹ̀ sì yí. "Mahfuz, eré ti parí. Ìbọn ìléwọ́ kì í ṣe ṣakabùlà ọdẹ. Ìjọba kì í fún irú àwa yìí láṣẹ rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ dà?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí. Múyì, gbé ọ̀kadà rẹ, lọ pe ọlọ́pàá wá."

Àlàájì dìde kúrò lórí àga. "Baálẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wá béèrè. Mi ò ní kí wọ́n tì í mọ́lé."

"Òfin ò mọ àna, Àlàájì."

Ojú ń ti Mahfuz ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú yẹn sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀. Zubaidah ti ṣèlérí fún un pé òun ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ọkọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣì lè sùn sílé, èyí tí ọlọ́pàá bá mú ni kò lè sùn sílé. Ó kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, igi ni."

"Kí ni igi?"

"Ìbọn ọkọ mi, sà. Igi ni wọ́n gbẹ́. Inú aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ ni mo ti bá a."

Mahfuz rọra ki ọwọ́ bọ aṣọ. Ọ̀kan jáde níbàdí, ó tóbi, ó nípọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú èkejì tó kéré kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ti fi pólíṣì bàtà kùn wọ́n dúdú kirikiri. Ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Mo ní ọrùn ẹsẹ̀," ni Ọ̀tún wí.

"Àpẹẹrẹ ni, sà. Mi ò tíì ra nǹkan kan. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ èyí tó máa bá mi lára mu."

Àlàájì wo tábìlì, ó wo àna rẹ̀. "Igi ìdáná ni kò jẹ́ kí o dọ̀bálẹ̀ fún mi?"

"Bàbá, ògbógi orí fóònù ní gbogbo ìbọn ni kí ènìyàn kà sí èyí tó ní ọta nínú."

Ẹ̀rín wá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Nígbà tó máa rọlẹ̀, Ọ̀tún ti gbé èyí tó kéré, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èyí ò tó nǹkan. Ọta inú èyí á kàn bí olè nínú ni."

"Òun gan-an ló dáa, Ọ̀tún," Ṣítù fèsì. "Aṣọ ò ní wú. Èyí tó tóbi tí ènìyàn fi sílé nítorí pé ó ń gún un, ta ló fẹ́ gbà là?"

"Èyí tó tóbi ni kó mú," ni Àlàájì wí, ó ti gbàgbé pé òun ló pẹjọ́. "Ṣé ọta kékeré lẹ fẹ́ fi ṣọ́ ọmọ mi ni?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, Múyì náà bá wọn dá sí i. Orí ìkúnlẹ̀ ni Zubaidah ṣì wà, ẹnikẹ́ni ò ní kó dìde. Inú bí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Adìẹ mi wà lóko, lódìkejì odò. Láti ọjọ́ Iléyá ni mo ti ń dá lọ fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà tí gbogbo yín ń bẹ̀rù yìí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bàbá mi ò sìn mí, wọ́n ń bínú. Ọkọ mi ò sìn mí, wọ́n ń yan ìbọn. Nínú ìbọn méjèèjì tó wà níwájú yín yìí, èwo ló bá mi lọ?"

Ọ̀tún rọra dá ìbọn kékeré padà sórí tábìlì. Baálẹ̀ ti méjèèjì sápá kan.

"Ìdájọ́ nìyí. Láti òní lọ, Mahfuz ni yóò máa rìn níwájú ìyàwó rẹ̀ lọ sóko, Àlàájì ni yóò máa rìn lẹ́yìn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí di Iléyá tó ń bọ̀."

"Èmi kẹ̀? Èmi ni mo pẹjọ́."

"Ẹ̀yin lẹ pẹjọ́, ẹ̀yin náà lẹ dá ọmọ dúró. Ẹ gba èyí tó tóbi, ẹ̀yin lẹ yàn án. Ẹ ó máa gbé e sábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mahfuz á gbé èyí tó kéré. Ní àràárọ̀, kí ẹ tó gbéra, yóò fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín. Ọjọ́ tí kò bá gún un mọ́, a jẹ́ pé ó ti yàn nìyẹn. Kó wá bá mi, màá mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ fún un pé wọn ò ní fún un láṣẹ. Zubaidah, dìde. Ilé rẹ lo máa sùn lónìí."

"Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀, sà?"

"Ìsinsìnyí."

Mahfuz ki igi kékeré bọ ìbàdí. Ó wo símẹ́ńtì, ó wo bàbá ìyàwó rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Páà.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé igi ni. Ojú wọn ni Mahfuz ṣe gbé e sórí tábìlì. Síbẹ̀, Múyì ti wà lábẹ́ tábìlì, Ṣítù àti Ọ̀tún ń du ẹ̀yìn àga kan náà, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi orí pamọ́ sábẹ́ apá. Àlàájì Ọládòṣù nà gbalaja sórí símẹ́ńtì, fìlà rẹ̀ ti lọ, àgbọ̀n rẹ̀ kó yanrìn, ojú rẹ̀ sì kọ ojú àna rẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, bàbá," ni Mahfuz wí.

"A kú ọdún, ọmọ mi. Kí ló dún yẹn?"

"Ìbọn ló ṣẹ́, bàbá."

Zubaidah nìkan ló wà lórí ìdúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa igi tó ṣẹ́ náà sínú agbọ̀n rẹ̀, nítorí igi gbígbẹ kì í ṣe ohun àdánù, ó sì gbé agbọ̀n ka orí.

"Bí ẹ bá ti dìde tán," ó ní, "àwọn adìẹ ò tíì jẹun."