Láńlẹ́hìn Tó Kọ Ọ̀la Sínú Ìwé Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀," ṣé ẹ mọ ẹni tó fojú winá kí òwe yẹn tó dáyé? Ẹ má wo ọ̀nà oko. Orí òkun ló ti wá.

Láńlẹ́hìn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni akọ̀wé ọkọ̀ òkun kan tó ń kó kòkó. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ohun tójú wọn rí sínú ìwé ọkọ̀. Bàbá Ṣótúndé, ọ̀gá ọkọ̀, ti kìlọ̀ fún un pé bí irọ́ bá wọ ìwé náà, èbúté tó bá kọ́kọ́ kàn ni òun yóò ti lé e bọ́ sílẹ̀.

Òkun wá dákẹ́ bí omi inú àmù. Ohun kan náà ni Láńlẹ́hìn ń kọ ṣáá: "Òkun dákẹ́. A kò rí nǹkan kan." Ó sú u. Lọ́jọ́rú, ó fi gègé kọ ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀ de Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta, ó sì fi ti Àìkú dé e lórí: "A gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ rẹ́rìn-ín." Ó lọ sùn ní tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ mọ́, omi là, àbùùbùtán yọ, tòun tọmọ rẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé alájà ni wọ́n ń pè ní ẹja! Ó mí lẹ́ẹ̀kan, omi wẹ gbogbo wọn. Ẹnu Láńlẹ́hìn kò lè padé. Kò mọ̀ pé Ọlọ́run dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ kíá!" ni ọ̀gá wí.

Ìgbà náà ló rántí pé òun ti kọ ti Ọjọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ọkọ̀ kò gbà kó ya ìwé tàbí kó pa á rẹ́. Ló bá fi kún un: "Àfi àbùùbùtán."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìjì fa òkun sókè bí òpó, ẹja ń rọ̀ bí òjò, ọ̀kan gbá fìlà ọ̀gá dànù. Láńlẹ́hìn sáré lọ fi kún ti Ẹtì, ó wá kà pé: "Òkun dákẹ́, àfi apá tó dìde dúró." Ọ̀gá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó ṣí ojú ewé kejì.

"Láńlẹ́hìn, kí ni òní?"

"Ẹtì ni, sà."

"Èé ṣe tí mo ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú?"

Láńlẹ́hìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa rí ni."

"Dìde, kó o máa wo òkun. Bá a bá gúnlẹ̀, wàá bọ́ sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Láńlẹ́hìn wo omi títí ojú ń ta á. Nǹkan kan kò yọ. "Bó ṣe wà nínú ìwé náà ló rí, sà," ló wí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò gbà á gbọ́. Òun náà gbé àga wá, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì tanjú sómi.

Àìkú dé, kùrukùru bo èbúté mọ́lẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè gúnlẹ̀. Ọ̀gá wo kùrukùru, ó wo ìwé, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ yìí, ìdajì àsọtẹ́lẹ̀ rẹ ṣẹ! Mi ò lé ọ mọ́. Ṣùgbọ́n kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí n fọwọ́ sí i."

Láńlẹ́hìn mú gègé, ó kọ ọ́: "Bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀."